Eyín Nínú Àpò Ṣẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kì í pariwo, àmọ́ ẹ gbé aṣọ tí nǹkan wà nínú àpò rẹ̀ wá fún un, ẹ máa gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ̀. Alágbàfọ̀ ni. Ó ti rí bírò tó da íǹkì sára ṣòkòtò funfun, ó ti rí ṣingọ́ọ̀mù tó lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ áyọ́ọ̀nù, ó ti rí kọ́kọ́rọ́ tó fa aṣọ olówó iyebíye ya. Nítorí náà, kí oníbàárà tó kí i tán, ó ti ń bi í bóyá ó yẹ àpò wò. Bó bá ní òun yẹ̀ ẹ́ wò, kò ní gbà, ó ṣì máa ki ọwọ́ ara rẹ̀ bọ̀ ọ́, á yí àpò náà síta bí etí ewúrẹ́ kó tó ju aṣọ sómi. Ṣọ́ọ̀bù kan náà la jọ ń lò. Òun ń fọ̀, òun ń lọ̀. Èmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mò ń lẹ bọ́tìnnì, mò ń rán etí aṣọ tó tú. Mo ti gbọ́ ìwàásù àpò yẹn débi pé mo lè bá a wàásù rẹ̀ lójú oorun.

Funfun Báláú làwọn oníbàárà ń pè é. Kì í ṣe pé òun fúnra rẹ̀ funfun o. Ẹ̀gbọ́n mi dúdú bí ìdí ìkòkò, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́. Aṣọ funfun tó bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá ló ń ṣe báláú. Iṣẹ́ yẹn ló fi tọ́ wa nígbà tí ìyá wa kú, títí kálukú wa fi lọ́kọ, tó láya. Ìgbà tí a máa fi bojú wẹ̀yìn, ewú ti bo orí rẹ̀, kò sì níyàwó. Bí mo bá béèrè, á ní òun ń bọ̀, bíi pé ẹnì kan ń dúró dè é ní kọ̀rọ̀. Ohun tí mo ń bẹ Ọlọ́run lórí rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ: kí ọkùnrin yìí rí ẹni tirẹ̀ kó tó pẹ́ jù.

Lọ́jọ́ tí eyín rẹ̀ lọ, aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì tó rin gbingbin ló gbé lé èjìká. Omi ọṣẹ wà nílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ẹnu rẹ̀ sì lọ lu etí kọnkéré tí a fi ń ṣan aṣọ. Eyín iwájú mẹ́rin lókè, gbogbo wọn lọ. Ọgbẹ́ jiná, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi kò padà sípò. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá rẹ́rìn-ín, àwọn ará òdìkejì títì á bá a rín in láì mọ ohun tí wọ́n ń rín, ó wá dẹni tí ń fọwọ́ bo ẹnu. Bí oníbàárà bá wọlé, á tẹjú mọ́ áyọ́ọ̀nù, á fi mí ṣe agbẹnusọ. Kò kọ́kọ́ dùn mí, torí èmi náà mọ̀ pé ẹnu mi kì í rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i tó ń jẹun nínú yàrá lóun nìkan, tó ti ilẹ̀kùn, mo sọ fún un pé bí kò bá tẹ̀ lé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín, màá ru ẹrù mi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Irọ́ ni mo pa, àmọ́ ó gbà á gbọ́.

Dókítà yẹn kéré lọ́jọ́ orí, obìnrin ni, ohùn rẹ̀ tutù. Ó tẹ nǹkan rírọ̀ kan sí ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu láti fi mọ bí ẹnu náà ṣe rí, ó ní ká lọ, ká padà wá. Nígbà tí a padà débẹ̀, ó ti ṣe eyín àtọwọ́dá sílẹ̀: eyín mẹ́rin lórí pélébé kan tó pupa rẹ́súrẹ́sú bí erìgì, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló fi ń di àwọn eyín tó kù mú. Ẹ̀gbọ́n mi fi sẹ́nu, ó wo dígí, ó wò mí. Háà, ẹ̀yin èèyàn mi, mo sunkún níbẹ̀. Bíi pé ẹni tó ti ìrìn àjò dé ni mo rí.

Dókítà wá ń ṣàlàyé. Bó bá jẹun tán, kó yọ ọ́, kó fi omi ṣan án. Bó bá di alẹ́, kó fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ àti ọṣẹ ìfọwọ́ díẹ̀ fọ̀ ọ́, kó má fi ọṣẹ ìfọyín fọ̀ ọ́, torí ìyẹn máa ń ha á lára. Kó tẹ́ aṣọ ìnura sábẹ́ ibi tó ti ń fọ̀ ọ́, torí ó máa ń yọ̀ lọ́wọ́, bó bá sì já bọ́ sórí ilẹ̀ líle, ó fọ́ nìyẹn. Kó má jẹ́ kí omi gbígbóná kàn án, torí á ká. Bó bá fẹ́ sùn, kó yọ ọ́ kí erìgì lè sinmi, kó fi sínú kọ́ọ̀bù omi tútù tó ní ìdérí. Kó má fi sílẹ̀ gbẹ láéláé, torí bó bá gbẹ, á yí padà, kò sì ní bá ẹnu mu mọ́.

Gbogbo bó ṣe ń sọ ọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ń mi orí. Mo mọ orí mímì yẹn. Nígbà tí a dé títì ló tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀: ta lọmọ yẹn tó fẹ́ kọ́ òun ní nǹkan fífọ̀?

Kò pẹ́ tí mo fi rí kọ́ọ̀bù kan lórí pèpéle ìfọṣọ, tí òórùn oògùn tí a fi ń bó aṣọ funfun ń tinú rẹ̀ jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ti rẹ eyín sínú oògùn aṣọ. Ó ní kò yẹ kí eyín pọ́n lẹ́nu ẹni tí wọ́n ń pè ní Funfun Báláú. Funfun niyì eyín, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọn ò sọ pé ká fi oògùn aṣọ wá a. Ohun tó yọ jáde lọ́jọ́ kejì, eyín rẹ̀ funfun lóòótọ́, ṣùgbọ́n pélébé pupa náà ti ṣá, ó di funfun níhìn-ín lọ́hùn-ún, wáyà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Nígbà tí a gbé e padà lọ, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n mi, ó fẹ̀sọ̀ bi í bóyá ó rò pé ṣẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ó tún wáyà ṣe, ó fi pélébé sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí ètè bò ó. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń gbọ́ràn. Ọṣẹ ìfọwọ́, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, omi tútù, kọ́ọ̀bù tó ní ìdérí lórí fèrèsé. Kò gbàgbé rí.

Ìgbà yẹn ni oníbúrẹ́dì wọlé dé.

Opó ni, àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, wọ́n ti tú ká. Ó ní ilé búrẹ́dì kékeré kan nísàlẹ̀ títì, yàrá kan ló ń gbé lẹ́yìn ààrò. Ó kó épírọ́ọ̀nù wá, fúláwà ti gan mọ́ wọn lára bí kọnkéré. Ẹ̀gbọ́n mi bi í léèrè àpò, ó ní kò sí nǹkan níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì fa odindi búrẹ́dì kékeré kan yọ, ó ti le bí òkúta. Ó bi obìnrin náà bóyá kí òun fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ aṣọ tàbí kí òun kàn lọ̀ ọ́ lásán. Obìnrin yìí rẹ́rìn-ín títí ó fi di etí tábìlì mú. Ẹ̀gbọ́n mi náà rín in. Mo gbé ojú sókè níbi tí mo ti ń lẹ bọ́tìnnì, mo sọ fún ara mi pé, ó ti dé.

Lẹ́yìn èyí, épírọ́ọ̀nù oníbúrẹ́dì ń dọ̀tí ju ti ẹnikẹ́ni lọ láyé. Bí ó bá gbé wọn wá láàárọ̀, á wá wò ó lọ́sàn-án bóyá wọ́n ti gbẹ. Ta ló ń tan ara rẹ̀? Lọ́jọ́ kan tí ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìn aṣọ tí a sá, tó rò pé a ò rí òun, mo bi obìnrin náà léèrè ohun tó rí lára ọkùnrin arúgbó yìí. Ó ní ẹ̀rín rẹ̀ ni. Ó ní ọkùnrin tó bá lè rẹ́rìn-ín báyẹn, inú ilé rẹ̀ á tuni lára.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ni pé eyín òun ni obìnrin fẹ́ràn, eyín tó jẹ́ pé ọwọ́ dókítà ni òun ti gbà á. Ó wá bá mi, ó ní kí n dákun, kí n má jẹ́ kí obìnrin náà mọ̀. Mo ní ìgbà wo lòun fúnra rẹ̀ máa wá sọ fún un? Ó ní tó bá yá. Mo bú u, bí àbúrò ṣe ń fọgbọ́n bú ẹ̀gbọ́n, mo fi "ẹ̀gbọ́n mi" sí iwájú rẹ̀ àti sí ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀ mí, kì í sì í bẹni, ni mo bá gbà.

Wọ́n fẹ́ra wọn wọ́ọ́rọ́wọ́. Oníbúrẹ́dì kó wá sínú yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó sì di ìyàwó wa. Nítorí pé ìyàwó kì í pe orúkọ mọ̀lẹ́bí ọkọ, ó wá orúkọ fún mi kíákíá: Abẹnugan ló ń pè mí. Mo ní ta ló sọ fún un pé mo máa ń sọ̀rọ̀? Ó ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun, òun ní etí.

Ẹ wò ó, inú mi dùn. Àmọ́ kọ́ọ̀bù orí fèrèsé ti dàwátì. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè, ó ní òun ti jù ú nù. Ó kúkú wá ń fi eyín sẹ́nu sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á tún fi jẹun, á fi ṣe gbogbo ọjọ́, kò sí ibi tó ti lè yọ ọ́ kó fọ̀ ọ́ bó ṣe yẹ láìjẹ́ pé ìyàwó rí i. Erìgì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ẹnu rẹ̀ ń rùn, òun náà sì mọ̀. Kí ìyàwó má bàa gbọ́ òórùn náà, ó ń sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Bó bá sùn, ògiri ló ń kọjú sí. Nígbà tí ìrora wá pọ̀ jù, ó dá ọgbọ́n mìíràn: bí ìyàwó bá ti lọ sí ilé búrẹ́dì, á yọ eyín, á fi aṣọ ìnujú wé e, á sì jù ú sínú àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ títí dìrọ̀lẹ́, níbi tí omi kankan ò sí. Gbígbẹ tí dókítà sọ pé kó má gbẹ, ó gbẹ. Bí ìyàwó bá ń bọ̀, á tì í padà sẹ́nu tipátipá, kò sì bá ẹnu mu mọ́, á tún bó erìgì náà sí i. Mo rí gbogbo èyí, mo ń sọ, kò gbọ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó wa wá jókòó tì mí kó tó lọ síbi iṣẹ́. Kò pe orúkọ tó fún mi. Ó ń fi ìka fa okùn épírọ́ọ̀nù rẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi ò bá òun jẹun mọ́. Ó ní bí òun bá sún mọ́ ọn, á dìde, á ní aṣọ kan wà tí òun fẹ́ yí padà. Ó ní òun ti ṣírò rẹ̀ títí, ohun kan náà ló ń jáde: ọkùnrin náà ti kábàámọ̀. Ojú ń tì í láti lé òun, ni òun ṣe fẹ́ lọ fúnra òun. Yàrá òun lẹ́yìn ààrò ṣì wà níbẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, òun máa wá kó àpótí òun.

Mo sọ fún un pé kì í ṣe bó ṣe rò, pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ó ní kí lohun náà? Mo la ẹnu, mo pa á dé. Mo ti ṣèlérí. Ó rọra fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ń lọ. Inú bí mi, inú bí mi débi pé mo fi abẹ́rẹ́ gún ara mi. Àwọn oníbàárà ò jẹ́ kí n dìde títí ó fi di ọ̀sán, ìgbà yẹn ni mo tó wá ẹ̀gbọ́n mi lọ ní yàrá ìlọṣọ.

Ṣùgbọ́n òórùn ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, bíi ti rọ́bà tó ń jóná.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ náà, ooru áyọ́ọ̀nù sì mú, ni ẹ̀gbọ́n mi bá bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ó fi kọ́ etí àga. Àwọn ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà wà lórí àga kan náà. Ó ń fà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń lọ̀ wọ́n, ọwọ́ ń lọ, ojú rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Aṣọ tó ti kúrò nínú omi, kò sí ẹni tí ń yẹ àpò rẹ̀ wò mọ́, torí a ti yẹ̀ ẹ́ wò kó tó wọnú omi. Òun náà ò yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fa tirẹ̀ mọ́ tàwọn yòókù, ó gbé áyọ́ọ̀nù lé àyà rẹ̀, ó sì rí i tó ga díẹ̀, ló bá tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Nígbà tí mo wọlé, ó ti tú aṣọ ìnujú, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Pélébé ti ká bí ewé tó wà lórí iná, eyín kan ti yọ, wáyà kan ti rì sínú nǹkan yíyọ́. Funfun Báláú, oníwàásù àpò, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ eyín ara rẹ̀. Kí n má parọ́, nínú ìbínú yẹn náà, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Ó wò mí. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ẹ̀rín náà kú sí mi lẹ́nu.

Mo wá jókòó, mo sọ ohun tí ìyàwó bá mi sọ fún un, gbogbo rẹ̀ pátá, títí kan àpótí. Mo rò pé á fò dìde ni. Ó bo ẹnu, ó sì ń sọ̀rọ̀ láti inú ọwọ́, ó ní òun máa sáré lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí wọ́n bá òun ṣe òmíràn. Bó bá ti wà lẹ́nu òun, òun máa lọ bá ìyàwó sọ ọ̀rọ̀. Mo ní dókítà kì í ṣe é parí lọ́jọ́ kan, òun náà sì mọ̀. Ó ní ìyàwó á dúró díẹ̀. Mo ní àpótí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní òun ò lè lọ báyìí. Ó ní òun ò lè ṣe é.

Ìgbà náà ni sùúrù mi tán.

"Ẹ̀gbọ́n mi, eyín lẹ fẹ́ ni, àbí ìyàwó? Ẹ̀ ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀ ń pa làpálàpá. Eyín tó jóná yìí, dókítà á ṣe òmíràn. Obìnrin tó ń lọ yẹn, ta ló máa bá yín ṣe òmíràn?"

 Ó dìde lórí ìjókòó. Lẹ́yìn náà ó yọ okùn áyọ́ọ̀nù, ó wá ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn wọ̀, ó sì jáde. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ̀ lé e. Ta ni kò ní tẹ̀ lé e?

Ó ń rìn bí ẹni tó ń lọ gba ìdájọ́. Àwọn èèyàn ń kí i, ó ń mi orí, ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lẹ́nu. Nígbà tí a dé ilé búrẹ́dì, ooru ààrò lù wá lójú. Ìyàwó wa wà níbi tábìlì gígùn, ó ń po fúláwà, fúláwà ti dé ìgunpá rẹ̀. Ó rí wa, kò dẹ́kun pípò. Ó ní bó bá jẹ́ torí àpótí ni, kí ẹ̀gbọ́n mi má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, òun á wá gbé e fúnra òun.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó la ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, ó dúró bẹ́ẹ̀, kí obìnrin náà lè rí i dáadáa. Àlàfo gbayawu níwájú, erìgì tó wú, tó pupa. Mi ò rí ohun tó ṣòro fún ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí.

"Eyín mi ò sí," ó ní. Afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ jáde bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Kò sí láti ọjọ́ tí o ti mọ̀ mí. Èyí tí ò ń rí, dókítà ló ṣe é. Ó yẹ kí n máa yọ ọ́ lálẹ́, mi ò yọ ọ́, ó sì ba ẹnu mi jẹ́. Mi ò kọjú sí ògiri torí pé mi ò fẹ́ ọ. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé bí o bá rí mi báyìí, wàá lọ."

Ìyàwó wa gbé ọwọ́ kúrò nínú fúláwà. Mo rò pé á bínú, ó sì bínú lóòótọ́. Mo rí i ní imú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rín ni mo sọ pé mo fẹ́ràn. Mi ò dárúkọ eyín." Ó gbọn fúláwà kúrò ní ìka. "Ọkọ mi tó kú, eyín rẹ̀ pé lẹ́nu géérégé. Kò fi rẹ́rìn-ín sí mi rí. Ọkùnrin tó kọjú sí ògiri ni mi ò lè bá gbé mọ́. Mo ti bá ọ̀kan gbé rí, ó tó mi."

Lẹ́yìn náà ló wá súnmọ́ ọn, ó di àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó sì wo inú ẹnu náà bí ìyá ṣe ń wo ẹnu ọmọ. Fúláwà gbà á ní àgbọ̀n dé etí. Ó ní kí ló dé tí ó fi jẹ́ kó dùn ún tó báyìí.  Mi ò lè wò wọ́n mọ́, mo yí ojú síbi àwọn agolo búrẹ́dì, mo ń kà wọ́n bí ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ wọn. Nígbà tí mo máa fi yíjú padà, obìnrin náà ti ya búrẹ́dì gbígbóná, ó ń yọ inú rẹ̀ tó rọ̀ sí i lẹ́nu, àwọn méjèèjì sì ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n mi gbayawu, kò bo nǹkankan.

Bó ṣe lọ nìyẹn. Àpótí ò kúrò lójú kan. Àwọn méjèèjì jọ lọ sọ́dọ̀ dókítà, torí ìyàwó wa ní òun ò gbára lé orí tí ọkọ òun ń mì. Dókítà ní erìgì gbọ́dọ̀ jiná kí òun tó wọn òmíràn, nítorí náà ẹ̀gbọ́n mi wà láìléyín fún ìgbà díẹ̀, lójú gbogbo ayé. Oníbàárà ń wọlé, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀, ó ń wàásù àpò fún wọn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ó bá wọn rín in. Ó tiẹ̀ sọ ìtàn áyọ́ọ̀nù náà fún wọn fúnra rẹ̀, ó sì ń bù mọ́ ọn lójoojúmọ́, débi pé èmi tí mo wà níbẹ̀ ò dá a mọ̀ mọ́. Nígbà tí eyín tuntun dé, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: ó bá ẹnu mu ju ti àkọ́kọ́ lọ, pélébé rẹ̀ sì dán.

Kọ́ọ̀bù mìíràn ti wà nínú yàrá báyìí, dígí ni, ó ní ìdérí, ìyàwó wa ló rà á. Omi tútù ló ń wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kan tí mò ń bá ẹ̀gbọ́n mi ká aṣọ, mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ṣé ó ti rántí báyìí láti tẹ́ aṣọ ìnura sábẹ́ bó bá ń fọ eyín, àbí ó ti tún rẹ ẹ́ sínú oògùn? Ó ní òun kọ́ ló ń fọ̀ ọ́.

Mo dúró. Mo ní ta ló ń fọ̀ ọ́?

Ó ní ní alẹ́ ọjọ́ tí àwọn gbé eyín tuntun délé, òun yọ ọ́, òun ń lọ síbi omi, ni ìyàwó bá na ọwọ́. Ó ní, "Ẹ fún mi. Ẹ ti fọ nǹkan tó pọ̀ jù lónìí." Ó gbà á lọ́wọ́ òun, ó tẹ́ aṣọ ìnura, ó mú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, ó rọra ń fọ̀ ọ́ láàárín eyín kan sí èkejì, lábẹ́ wáyà, ó ń ṣan án, ó ń gbé e síbi iná wò ó. Òun kàn jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, òun ń wò ó. Òun ò mọ ohun tí ọwọ́ òun máa ṣe. Àtìgbà náà, obìnrin náà ò jẹ́ kí òun fọ̀ ọ́ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì tó wà níwájú rẹ̀, ó tẹ́ ẹ kalẹ̀, ó sì fọwọ́ ra á.

"Láti ìgbà tí màmá ti kú," ó ní, "òun lẹni àkọ́kọ́ tó fọ nǹkankan fún mi."